Ohun Tí Ó Gbé Ìbòrí Dúró: Agboòrùn Ọba ní Ìlú Kùmásì

Ọ̀nà méjì ni àwọn Yorùbá mọ̀ láti gbé ìbòrí dúró lórí ènìyàn. Ọ̀nà kìíní ni ti àtíbàbà. Bí ìnáwó bá dé, bí wọ́n bá fẹ́ sìnkú àgbà tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, àwọn ọ̀dọ́ ilé a lọ gé igi tí orí rẹ̀ pín sí méjì, wọn a rì í mọ́lẹ̀ yí ojúde ká, wọn a fi igi mìíràn dábùú orí wọn, wọn a sì kó imọ̀ ọ̀pẹ lé e. Láyé òde òní, tàpólì ni ọ̀pọ̀ ń nà lé e dípò imọ̀ ọ̀pẹ. Ọ̀nà kejì ni ti agboòrùn: òpó kan ṣoṣo láàárín, egungun igi tí ó tàn káàkiri láti orí òpó náà, àti aṣọ tí a nà lé gbogbo rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kì í ṣe kékeré. Bí ẹnì kan bá fa igi kan yọ lára àtíbàbà, ìbòrí náà yóò kàn rọ̀ sí apá ibẹ̀ ni. Àwọn tí ó jókòó lábẹ́ rẹ̀ lè má tilẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n bí a bá fa òpó agboòrùn yọ, kò sí ìbòrí mọ́. Aṣọ lásán ni ó kù nílẹ̀.

Ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, kò sí ibi tí a ti gbé iṣẹ́ ọnà kejì yìí ga tó ìlú Kùmásì, olú-ìlú àwọn Asante ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń gbé ìbòrí náà dúró níbẹ̀, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn àjèjì fa òpó yọ, yẹ fún àyẹ̀wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí agboòrùn Asante kò wò ju àwọ̀ aṣọ àti wúrà orí rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó di òpó mú ni wọn kì í sábà rí.

Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ jẹ mọ́ ìbòrí. Àwọn àgbà Asante sọ pé nígbà tí Osei Tutu, Asantehene àkọ́kọ́, àti Okomfo Anokye, àlùfáà àti olùdámọ̀ràn rẹ̀, ń wá ibi tí olú-ìlú yóò wà ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, Anokye gbin igi kum sí ibi mélòó kan. Ibi tí igi náà ti hù tí ó sì yè ni wọ́n tẹ̀dó sí, wọ́n sì pè é ní Kum-ase, èyí tí ó túmọ̀ sí abẹ́ igi kum. Ìbòrí àkọ́kọ́ tí ìlú náà ní, igi tí ó ní gbòǹgbò ni. Títí di òní, bí Asantehene bá wàjà, àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í sọ pé ó kú. Wọn a ní igi ńlá kan ti wó. Yorùbá tí ó mọ̀ pé ọba kì í kú, pé ó máa ń wọ àjà ni, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kí ó kíyè sí i pé ibi tí èdè méjèèjì ti mú àwòrán wọn yàtọ̀. Ọba Yorùbá wọ inú ilé lọ. Ọba Asante ni ilé náà, òun ni òjìji tí àwọn ènìyàn jókòó sí, bí ó bá sì lọ, oòrùn yóò pa wọ́n.

Àkọsílẹ̀ tí ó kún jù lọ láti ọwọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ fojú rí agboòrùn Kùmásì ni ti Thomas Edward Bowdich, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣòwò rán láti Cape Coast lọ bá Asantehene Osei Tutu Kwame, ẹni tí a tún mọ̀ sí Osei Bonsu. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1817 ni wọ́n wọ Kùmásì. Bowdich kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kéré tán, ọgọ́rùn-ún agboòrùn ńlá ni ó wà ní ojúde tí wọ́n ti gbà wọ́n lálejò, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣíji bo ọgbọ̀n ènìyàn, pé aṣọ òdòdó, aṣọ pupa rúsúrúsú àti sẹ́dà olówó iyebíye ni wọ́n fi bò wọ́n. Ó rí ìrísí oṣùpá tuntun, ẹyẹ, erin, àgbá àti idà tí a fi wúrà ṣe ní orí wọn. Ó rí dígí wẹ́wẹ́ tí wọ́n rán mọ́ etí aṣọ mìíràn, ó rí wajawaja, ó rí awọ ẹkùn tí wọ́n fi bo orí àwọn kan. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1819, ó ya àwòrán ọjọ́ kìíní ọdún iṣu, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ti tún tẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tí ó bá wo àwòrán yìí yóò rí i pé kì í ṣe orí àwọn ìjòyè ni ó gba ojú ènìyàn, bí kò ṣe agboòrùn, bí ẹni pé igbó kan ni ó hù sí ojúde ọba.

Ohun kan wà nínú àkọsílẹ̀ Bowdich tí ó ṣe pàtàkì ju wúrà lọ. Ó ní àwọn tí ó gbé agboòrùn wọ̀nyí kò jẹ́ kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ń jù wọ́n sókè, wọ́n ń fà wọ́n sílẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Ibi tí ọgbọ́n náà wà nìyẹn. Agboòrùn kékeré tí ènìyàn ń gbé lọ́wọ́ rọrùn láti gbé dúró. Ṣùgbọ́n bí ìbòrí bá fẹ̀ tó èyí tí ó lè bo ọgbọ̀n ènìyàn, ìwọ̀n aṣọ, igi àti ère orí rẹ̀ pọ̀, atẹ́gùn tí ó bá sì fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lè dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀ bí òpó ilé, atẹ́gùn kan ṣoṣo ti tó láti ṣẹ́ ẹ. Egungun igi ni ó ń ta aṣọ náà síta, aṣọ náà ni ó ń so àwọn egungun pọ̀ kí wọ́n má baà ṣubú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òpó àárín ni ó gba ìwọ̀n gbogbo wọn. Kí ni ó wá gbé òpó dúró? Ènìyàn ni. Apá méjì, èjìká àti ìdí ẹni tí ó dì í mú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti apá ọ̀tún wá, agbágboòrùn yóò ti mọ̀ ọ́n lára kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, yóò sì fi ara gbè é. Jíjù tí ó ń jù ú sókè ń mú kí atẹ́gùn fẹ́ sí ọba lára. Abẹ̀bẹ̀ ńlá ni ó tún dà. Ó sì tún ń mú kí aṣọ náà máa jó sí ìlù. Àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà lára ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ààfin tí a ń pè ní Gyaase, wọ́n sì ní olórí tiwọn. Iṣẹ́ tí ó ní oyè ni, kì í ṣe iṣẹ́ alágbàṣe.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á ṣọ́ra nígbà tí a bá ń fi ẹnu Yorùbá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kyinie tí àwọn Asante ń lò fún un. Agboòrùn ni a ń pè é, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí ń sọ ohun tí ìbòrí náà ń gbà dúró, ìyẹn oòrùn. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ó gbé e.

Kì í ṣe Kùmásì ni agboòrùn ọba ti bẹ̀rẹ̀. Arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò nì, Ibn Battuta, tí ó dé ààfin Mansa Sulayman ní ilẹ̀ Màlì láàárín 1352 sí 1353, rí ìbòrí sẹ́dà kan tí ó dàbí òrùlé ribiti, tí ẹyẹ wúrà wà ní orí rẹ̀, tí wọ́n gbé dúró lókè orí ọba. Ẹyẹ wúrà lórí sẹ́dà: ẹni tí ó bá ka Bowdich lẹ́yìn Ibn Battuta yóò rò pé ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ju irínwó ọdún lọ láàárín wọn. Ní Dahomey, àwọn aṣọ́nà ààfin Abomey a máa gé aṣọ ní ìrísí kìnnìún, yanyan tàbí ohun ìjà, wọn a rán an mọ́ ara agboòrùn kí ó lè sọ ìtàn ọba tí ó ni ín. Àwọn ọba Yorùbá kò jáde láìsí tiwọn. Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Wesley tí ó dé Kùmásì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1839, ni ó tún dé Abẹ́òkúta ní ìparí ọdún 1842 tí Ṣódẹkẹ́ gbà á lálejò. Ẹni kan ṣoṣo fi ojú rẹ̀ rí bí ìlú méjèèjì ṣe ń gba àlejò láàárín ọdún mẹ́rin.

Àwọn onímọ̀ kan ti jiyàn lórí bóyá láti òkè ọya, láti ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí, ni àṣà yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Asante, tàbí láti etí òkun lọ́wọ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò. Iyàn náà kò mú èso púpọ̀ wá. Aṣọ tí ó wà lára àwọn agboòrùn Kùmásì ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́: sẹ́dà àti àrán láti etí òkun, aṣọ onírun láti òkè ọya. Ìlú tí ó wà ní oríta máa ń ra ọjà ní apá méjèèjì.

Kì í ṣe ẹni tí ó bá wù ú ni ó lè ṣí agboòrùn ní Kùmásì. Bí ìjòyè ṣe ga tó ni ti rẹ̀ ṣe tóbi tó, irú aṣọ tí ó wà lára rẹ̀ ní òfin, ère tí ó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ní òfin. Igi ni wọ́n máa ń gbẹ́ àwọn ère wọ̀nyí, wọn a sì fi bébà wúrà bò wọ́n. Òwe ni ọ̀pọ̀ wọn ń pa. Èyí tí ó ní adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń rán àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ létí pé ìyá adìyẹ lè tẹ ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní í pa á. Èyí tí ó ní èso prekese, èso olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, ń sọ pé òórùn ọba tàn dé ibi gbogbo. Olùkọ́ èdè tí ó ń wá ọ̀nà láti kọ́ ọmọ iléèwé ní òwe lè rí i pé àwọn Asante ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí orí òpó.

Èyí tí ó ga jù nínú gbogbo wọn kì í ṣe ti ènìyàn kankan. Àpótí Wúrà, Sika Dwa Kofi, èyí tí ìtàn sọ pé Okomfo Anokye mú sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run, tí ẹ̀mí gbogbo orílẹ̀ Asante wà nínú rẹ̀, ní agboòrùn tirẹ̀. Asantehene gan-an kì í jókòó lórí Àpótí náà, bẹ́ẹ̀ ni agboòrùn rẹ̀ kì í ṣe ti Asantehene. Katamanso ni orúkọ rẹ̀: ohun tí ó bo orílẹ̀-èdè. R. S. Rattray, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìwé lórí àṣà Asante ní 1923, ṣe àpèjúwe rẹ̀, ó sì sọ pé aṣọ nsaa ni wọ́n fi ṣe é. Aṣọ onírun tí ó nípọn ni nsaa, àwọn Fúlàní apá Màlì ni wọ́n ń hun ún, ó sì ti rìn jìnnà púpọ̀ lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti lórí àwọn aláàárù kó tó dé igbó Asante. Àwọn Asante ní òwe kan nípa rẹ̀, pé ẹni tí ó mọ iyì nsaa yóò rà á bí ó tilẹ̀ ti gbó. Ó yẹ kí á fi kún un pé orúkọ kan náà ni ibi tí wọ́n ti ṣẹ́gun ọmọ ogun Asante lẹ́bàá Dodowa, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra, ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1826 ń jẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe da agboòrùn pọ̀ mọ́ ojú ogun.

Ní ọdún 1874 ni òpó kọ́kọ́ mì. Ọ̀gágun Garnet Wolseley wọ Kùmásì ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì. Asantehene Kofi Karikari ti kúrò nílùú, ààfin ṣófo. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ohun tí wọ́n lè kó, wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ Aban, ilé olókùúta tí Osei Bonsu kọ́ parí ní 1822, wọ́n sì dáná sun ìlú náà ní ọjọ́ kẹfà kí òjò tó dí wọn lọ́nà. Lára ohun tí wọ́n kó ni agboòrùn ọba. Wọn kò tà á ní gbàǹjo bí wọ́n ṣe ta ọ̀pọ̀ wúrà ní Cape Coast. Wolseley fi ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin Victoria, wọ́n sì gbé e síta fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù láti wò ní ilé àkójọ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ní South Kensington. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà kọ̀wé nípa rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó yẹ kí á ronú lórí ohun tí wọ́n ń wò gan-an. Aṣọ wà, egungun wà, òpó wà. Agbágboòrùn ni kò sí. Ohun tí ó wà níwájú wọn kò lè jó, kò lè fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni, kò bo ẹnikẹ́ni. Kò yani lẹ́nu pé ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ní Kùmásì, wọ́n rọ Kofi Karikari lóyè ní ọdún kan náà, wọ́n fi Mensa Bonsu rọ́pò rẹ̀. Bí aṣọ kan bá lọ, òmíràn wà. Aláṣọ àti agbágboòrùn ṣì wà nílé.

Ti 1896 ni ó yàtọ̀. Ní ọjọ́ ogún oṣù kìíní ọdún náà, Gómìnà William Maxwell pàṣẹ kí wọ́n mú Asantehene Prempeh, ìyá rẹ̀ Yaa Akyaa, àti ọ̀pọ̀ ìjòyè, ní gbangba, lẹ́yìn tí ọba àti ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀ di ẹsẹ̀ Gómìnà mú níwájú gbogbo ènìyàn. Kò sí ìbọn tí ó dún. Wọ́n kó wọn lọ sí Elmina, lẹ́yìn náà sí Sàró, àti níkẹyìn, ní 1900, sí erékùṣù Seychelles ní òkun Íńdíà. Òpó àárín ni wọ́n fà yọ yìí, èrò àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ni pé gbogbo aṣọ yóò wálẹ̀. Wọ́n fi ìgbìmọ̀ ìjòyè mẹ́ta sí ipò ọba, wọ́n kọ́ odi ológun sí àárín ìlú, wọ́n sì ń bá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ Asante ṣe àdéhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé wọn kò fìgbà kan wà lábẹ́ ìbòrí kan náà.

Ìbòrí náà kò wálẹ̀. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ ni pé Asante kì í ṣe agboòrùn nìkan. Ó ní àtíbàbà nínú. Àwọn ọba ìlú bí Mampong, Ejisu, Offinso àti àwọn mìíràn ní àpótí tiwọn, àwọn ìyá ọba ní agbára tiwọn, àwọn ẹbí tí ó ń tọ́jú ohun ìní ààfin mọ iṣẹ́ wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni rán wọn létí. Bí Prempeh ti ń lọ, àwọn tí ó yẹ ti gbé Àpótí Wúrà pamọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1900, Gómìnà Frederick Hodgson dúró níwájú àwọn ìjòyè ní Kùmásì, ó sì bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi gbé Àpótí náà wá kí òun jókòó lé e. Ìbéèrè tí ọba wọn fúnra rẹ̀ kò lè béèrè ni àlejò béèrè. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ogun ti bẹ̀rẹ̀, Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, sì ni ó ṣíwájú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì borí ogun náà, wọ́n kó Yaa Asantewaa pẹ̀lú lọ sí Seychelles, níbi tí ó kú sí ní 1921, wọ́n sì kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1902 pé ilẹ̀ Asante ti di tiwọn. Ṣùgbọ́n wọn kò rí Àpótí.

Fún nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ogun náà, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ ibi tí ó wà. Igi ẹ̀gbẹ́ kan ni ó jẹrà. Bí àwọn tí ó ń la ọ̀nà ti sún mọ́ ibi tí wọ́n fi pamọ́ sí ní nǹkan bí 1920, tí wọ́n sì gbé e kúrò níbẹ̀, àwọn kan lára àwọn tí ó mọ àṣírí náà já wúrà ara rẹ̀ wọ́n sì ń tà á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú ní 1921, ìbínú àwọn Asante pọ̀ dé ibi pé ìjọba ní láti dáàbò bo àwọn tí wọ́n mú. Àwọn ìjòyè ni ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ìjọba sì yí ìdájọ́ ikú padà sí ìlọ́kúrò nílùú. Ìgbà yìí ni Rattray kọ́ àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ ní 1900: pé Àpótí kì í ṣe ìtẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń jókòó lé. Ìjọba sọ pé àwọn kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ olówó ńlá ni.

Prempeh padà dé Kùmásì pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin ní oṣù kọkànlá ọdún 1924, lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ti di onígbàgbọ́ ìjọ Áńgílíkà, Edward ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, aṣọ òyìnbó ni ó sì wọ̀. Lójú òfin, ènìyàn lásán ni. Ní 1926 ìjọba gbà kí ó jẹ oyè Kumasihene, ọba Kùmásì nìkan, kì í ṣe ti gbogbo Asante. Wọ́n ti kọ́ ilé kan fún un ní Manhyia ní 1925. Ó kọ̀ láti wọ inú rẹ̀ títí tí owó ilé náà fi san tán. Ó wàjà ní 1931. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1935 ni ìjọba tó dá àpapọ̀ Asante padà, tí Prempeh Kejì sì di Asantehene. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni òpó fi ṣófo, tí a bá ka oyè Kumasihene sí ohun tí ó jẹ́: igi kan lára àwọn igi ẹ̀gbẹ́.

Yorùbá pọ̀ ní Kùmásì ní gbogbo àkókò yìí. Lẹ́yìn tí ojú irin dé ìlú náà láti Sekondi ní 1903, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho àti àwọn ìlú mìíràn tẹ̀lé ọjà wá. Wọ́n gbé ní Zongo láàárín Haúsá àti àwọn àlejò mìíràn, wọ́n ní olórí Yorùbá tiwọn, wọ́n sì ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, àwo àti ọjà wẹ́wẹ́ lábẹ́ ìbòrí tí ó rọrùn láti ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì gbọ́ Twi ju bí wọ́n ti gbọ́ Yorùbá lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò. Àwọn ìdílé tí ó ti lo ogójì ọdún ní Kùmásì di ẹrù wọn sórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Ní 1983, Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ọmọ Gánà. Kò sí ìbòrí ọba kankan, ní Kùmásì tàbí níbòmíràn, tí ó lè ṣíji bo ẹni tí ìjọba orílẹ̀-èdè bá ti pè ní àjèjì, èyí sì jẹ́ ohun tí àwọn tí ó ń kọ ìtàn Asante kì í sábà mẹ́nu bà.

Iṣẹ́ agboòrùn kò dúró. A. A. Y. Kyerematen, ọmọ Asante tí ó dá ilé àṣà sílẹ̀ ní Kùmásì ní 1951, kó ọ̀pọ̀ ìmọ̀ nípa rẹ̀ jọ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1964 lórí ohun ẹ̀ṣọ́ àwọn ọba Gánà. Àrán àti aṣọ ilé iṣẹ́ ni àwọn aránṣọ ń lò jù ní òde òní. Ní gbogbo ọjọ́ méjìlélógójì ni Akwasidae ń bọ̀, tí Asantehene ń jókòó ní gbangba ní Manhyia láti gba ìkíni; Otumfuo Osei Tutu Kejì ni ó wà lórí oyè láti 1999. Àwọn ìjòyè ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù lábẹ́ tirẹ̀, àlejò tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni sì lè fi ìwọ̀n aṣọ mọ ẹni tí ó tóbi.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí Wolseley sun ìlú náà, ilé àkójọ Fowler ní Los Angeles dá nǹkan méje padà fún Asantehene. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, British Museum àti Victoria and Albert Museum, èyí tí ó jẹ́ pé òun ni ilé South Kensington àtijọ́, kó nǹkan méjìlélọ́gbọ̀n wá sí ilé àkójọ ààfin Manhyia. Ti Los Angeles wá títí láé. Ti Lọ́ńdọ̀nù wá ní àwìn fún ọdún mẹ́ta, nítorí pé òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gba àwọn ilé wọ̀nyí láyè láti yọ̀ǹda wọn. Àwọn ènìyàn tò láti wo wúrà àwọn baba wọn lẹ́yìn dígí. Ní òde, nínú ọgbà ààfin kan náà, àwọn agbágboòrùn ń ju òpó sókè, wọ́n ń gbà á padà.